Orúkọ Tí Ìdodo Ilé Ń Béèrè

Ọkọ̀ funfun náà ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ láti ìgbà tí oòrùn ti yọ, ó ń bẹ̀bẹ̀.

"Màmá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bọ̀. A ti mú kí ìjókòó yín lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Kò sí awakọ̀ nínú rẹ̀. Ohùn obìnrin kan ló ń ti iwájú rẹ̀ jáde, ohùn pẹ̀lẹ́ tí kì í bínú, tí kì í sì í rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń sọ lẹ́nu ọ̀nà ilé Agbájé ní Ìdí-Ọsàn láti àárọ̀. Bí wọ́n bá bú u, á ní ẹ ṣé. Bí wọ́n bá dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ àdúgbò kan ti wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó kí ewúrẹ́ náà káàbọ̀, ó ní kó jọ̀wọ́ kó de bẹ́líìtì.

Ìyá tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà tirẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn rẹ̀ sì nà gbọnrangandan bí ọrùn ẹni tí kò ru ẹrù rí láyé.

"Ní Ilé Àgbà, dókítà yóò máa rí yín tọ̀sán-tòru," ni ọkọ̀ náà wí. "Òfin kò gbà kí àgbàlagbà máa sùn nínú ilé tí okùn ìmọ́lẹ̀ kò wọ̀, nítorí ojú dókítà kò lè débẹ̀."

"Kí ni ojú dókítà ń wá lára mi?" ìyá náà fi àkàrà tọ́ka sí i. "Ṣé tẹlifíṣọ̀n ni mí ni, tí wọ́n á fi máa wò mí tọ̀sán-tòru?"

"Ẹ ṣé, màmá wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bọ̀. A óò gbéra kí oòrùn tó wọ̀."

Ìyá Mofẹ́, ìyàwó ilé, dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, báàgì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ òtútù ìyá náà ló wà níbẹ̀, àti òrí tó fi ń pa orúnkún, àti ìborùn méjì. Ó ti dì í, ó ti tú u, ó ti tún un dì. Ojú rẹ̀ ti wú, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i bó ṣe ń sunkún.

Àwọn méjèèjì nìkan ló kù nílé Agbájé. Bàbá Mofẹ́ ti kú, Mofẹ́ fúnra rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ létí òkun, àwọn yàrá yòókù ti di ti àlàǹgbá. Ìyá tó ń jẹ̀kọ yìí ni ẹ̀gbọ́n Bàbá Mofẹ́, ẹ sì mọ bó ṣe rí nílé wa: ẹ̀gbọ́n ọkọ, ọkọ ni, ìbáà jẹ́ obìnrin. Ìyàwó kì í sì í dárúkọ ọkọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti da omi sí Ìyá Mofẹ́ lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn ló ti fún ìyá yìí ní orúkọ tirẹ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, òun ló sì fi ń pè é títí dòní. Ó pe àbúrò ọkọ rẹ̀ kan ní Akọ́wé, ó pe èkejì ní Eyínfúnjowó, ó pe ẹ̀kẹta tí kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́wà ní Adúmáadán kí inú rẹ̀ lè máa dùn. Gbogbo wọn ló ti kú, orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí.

Nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, àlejò kan wá, ó béèrè Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní orúkọ gidi. Ìyá Mofẹ́ kò lè fi orúkọ yẹn pe ọkọ jáde, kò sì mọ bí yóò ṣe ṣàlàyé. Ojú tì í, ló bá ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Àlejò ní ó dáa, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó lọ. Àṣé ẹja ńlá ló wà nínú agbọ̀n! Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹja yẹn tán nílẹ̀ títí dòní olónìí. Bí ọbẹ̀ kò bá lẹ́ja, á ní ó mọ ibi tí ẹja lọ.

Orúkọ gidi ọ̀hún ńkọ́? Ẹ ní sùúrù. Èmi náà ń bẹ̀rù ìyá yẹn.

Ọ̀rọ̀ okùn ìmọ́lẹ̀ yìí, tí àwọn ọmọ ń pè ní fáíbà, ó ti pẹ́ nílẹ̀. Ọdún tí Ìyá Mofẹ́ wọlé ọkọ ni ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Ohùndé ti kọ́kọ́ kéde pé okùn yóò wọ ojúlé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n ri ọ̀pá rọ́bà aláwọ̀ ìyeyè, wọ́n yọ ẹnu rẹ̀ síta lára ògiri ilé kọ̀ọ̀kan, kò ga ju orúnkún lọ. Wọ́n ní okùn ń bọ̀ lẹ́yìn. Okùn lọ sí Òkè-Ọlọ́lá lọ́dọ̀ àwọn olówó. Okùn lọ sílé àwọn aṣòfin. Ìdí-Ọsàn ń wo ẹnu ọ̀pá. Ní ilé Agbájé, àlàǹgbá yé sínú tiwọn, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì ń ki pákò rẹ̀ bọ ẹnu ọ̀pá náà. Ó wá di pé bí ènìyàn bá ṣèlérí ní Ìdí-Ọsàn tí kò mú un ṣẹ, wọ́n á ní, "Ó ti ri ọ̀pá, ó ku okùn."

Àfi lọ́sẹ̀ yìí tí okùn dé lóòótọ́. Ẹ̀rọ tó ń fà á lábẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Òkété, nítorí ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ àti erùpẹ̀ tó ń wú sókè níbi tó bá gbà. Tọmọdé-tàgbà ń tẹ̀lé erùpẹ̀ náà láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àná ló dé iwájú ilé Agbájé. Ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń gbóòórùn nǹkan. Lẹ́yìn náà, ó yà, ó gba ilé kejì lọ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n bá ọkọ̀ funfun lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀sán ti ń lọ nígbà tí Adéṣígbìn, òṣìṣẹ́ Ohùndé, wọlé. Géńdé oníkùn ni, ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè rẹ̀ kò pa dé níwájú. Ó gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀, ikùn kò gbà, ó fi ọwọ́ kanlẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ní ń jẹ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́?"

Ìyá Mofẹ́ fi ẹnu júwe àga. "Ọkọ mi nìyẹn."

"Ẹn-ẹ́n. Kí wá lorúkọ wọn?"

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a tán ni."

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Adéṣígbìn fi ọwọ́ gbá orí. "Màmá, ẹ ti pa mí! Lọ́dún tó kọjá tí ẹ̀rọ pè yín lórí fóònù pé ta ló wà nílé, èyí náà lẹ sọ?"

"Kí ni ǹ bá sọ?"

"Ẹ̀rọ wá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ láti etí òkun títí dé ibi tí aṣálẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n bí sí orílẹ̀-èdè yìí. Ó ní irọ́ ni, kò sí ènìyàn nílé yìí, àlàǹgbá ló ń gbé e. Ìdí tí Òkété fi yà nìyẹn. Àmọ́ àwọn Ilé Àgbà rí àgbàlagbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí kò ní okùn, ni wọ́n bá rán ọkọ̀ wá."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bú sẹ́rìn-ín lórí àga. "Ó bá ẹja mi lọ!"

Adéṣígbìn kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ nǹkan róbótó kan nínú àpò, ó tó ìdérí ìkòkò, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ẹnu ọ̀pá. Pupa ni iná àárín rẹ̀. "Ìdodo ilé nìyí," ó ní. "Òkété ṣì wà nílé kejì. Bí ìdodo yìí bá pè é báyìí, yóò padà wá. Bó bá parí níbẹ̀, odò ló ń kọjá, kì í sì í wẹ̀yìn. Àwọn àdúgbò kan wà tó fò dá nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, wọ́n ṣì ń retí rẹ̀."

"Kí ni a ó ṣe tí yóò fi pè é?"

"Ẹ gbé ọwọ́ lé e, kí ẹ dárúkọ ẹni tí ẹ jọ ń sun ilé yìí. Ìyá náà yóò sì dárúkọ yín. Ìwé ò já mọ́ nǹkan mọ́, màmá, ẹ̀rọ ń kọ ayédèrú rẹ̀, fọ́tò náà, ẹ̀rọ ń yà á. Òfin wá ní ẹnìkan kì í ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀. Ẹni tí ẹ jọ ń sùn, tí ẹ jọ ń jí, òun ni kó fẹnu ara rẹ̀ pè yín, kí ìdodo máa gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù. Èmi ò lè bá yín pè é. Ọmọ tí ẹ bí gan-an ò lè bá yín pè é."

Ìyá Mofẹ́ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé ọwọ́ lé ìdodo. Ó gbóná díẹ̀.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́," ó ní.

"A kò mọ ẹni náà," ni ìdodo wí.

"Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mofẹ́."

"A kò mọ ẹni náà."

"Ọkọ mi!"

Iná ìdodo ṣẹ́jú. "Ọkọ yín ti di olóògbé. Ẹ kú ọ̀fọ̀."

Ìyá Mofẹ́ yọ ọwọ́ kíá bí ẹni pé ó ta á. Adéṣígbìn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i létí. "Màmá, orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n ni. Ẹ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ìdodo á gbọ́."

"Èmi náà á gbọ́," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí láti orí àga. Etí ìyá yẹn, bí ewé bá já ní ẹ̀yìnkùlé, á mọ igi tó ti já. "Ìyàwó, kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu rẹ."

"Màmá, wọn yóò gbé yín lọ o," ni Adéṣígbìn wí.

"Kí wọ́n gbé mi. Ṣé mo ní mo fẹ́ dúró ni?"

Irọ́ ni. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé irọ́ ni, títí dé orí ewúrẹ́. Ó gbé ẹ̀kọ dé ẹnu, kò bù ú jẹ.

Ìyá Mofẹ́ fi orúnkún rìn títí dé ìdí àga náà. "Ọkọ mi, ẹ gbọ́ tèmi. Ṣé nítorí orúkọ lásán ni ẹ ó fi kúrò nínú ilé bàbá yín?"

"Kì í ṣe orúkọ lásán." Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé ẹ̀kọ sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti yí padà, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀ mọ́. "Òun ni ìyá mi fi ń jí mi láàárọ̀. Yóò dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, yóò pè é lẹ́ẹ̀kan, mo ti jí nìyẹn. Òun ni bàbá mi fi ń pè mí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi pè mí ní ọsibítù, kò sọ nǹkan mìíràn mọ́ títí tó fi dákẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó jù mí lọ nílé yìí, kò sì sí ẹni tó tún pè é. Àwọn tó ni ín lẹ́nu ti lọ tán. Bí ìyàwó bá ń pè mí bẹ́ẹ̀ lónìí, ó túmọ̀ sí pé kò ku àgbà kankan lẹ́yìn mi. Mo mọ̀ pé kò kù. N kò fẹ́ fi etí gbọ́ ọ ni."

Gbogbo ọdún tí wọ́n ti jọ ń gbé, Ìyá Mofẹ́ rò pé àṣà ni òun ń pa mọ́. Kò mọ̀ pé nǹkan ẹlẹgẹ́ báyìí ló wà lábẹ́ àṣà náà. Àánú ìyá náà ṣe é, ó sì fẹ́ gbà fún un. Kí ó dìde, kí ó gbé báàgì fún un, kí ó sìn ín dé ẹnu ọkọ̀, kí ó sì pa ẹnu mọ́ bí ìyàwó rere.

Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ wọn. Nílé kejì, àwọn ènìyàn hó yèè, wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ó ti parí níbẹ̀," Adéṣígbìn pariwo. "Ó ń yọrí! Ẹ̀yin màmá!"

Ìyá Mofẹ́ wo báàgì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rántí báàgì mìíràn. Lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá Mofẹ́, àwọn ẹbí kan ti kó ẹrù rẹ̀ síta pé kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀, pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jáde láti inú ilé láìwọ bàtà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó jókòó lé ẹrù náà lórí, ó fẹ̀yìn tì, ó ní kí ẹni tó bá láyà wá gbé òun kúrò níbẹ̀ ná. Ó jókòó títí ìrì fi sẹ̀ sí i lórí. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ ìlọ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìyá Mofẹ́ sọ báàgì náà sílẹ̀ ní àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó jókòó lé e lórí.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rí i. Ó mọ ìjókòó yẹn.

"Ọkọ mi, ẹ dákun, ẹ máa bínú," ni Ìyá Mofẹ́ wí. "Kí ẹ máa bínú sí mi nínú ilé yìí tẹ́ mi lọ́rùn ju kí ẹ máa rẹ́rìn-ín sí mi láti Ilé Àgbà lọ. Ẹ má dáhùn bí ẹ kò bá fẹ́. Èmi á pè é."

Ó dìde lórí báàgì, ó padà síbi ògiri, ó kúnlẹ̀ dáadáa gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, ó sì gbé ọwọ́ lé ìdodo. Orúkọ tí kò ti ẹnu ẹni jáde rí, kò mọ ọ̀nà.

"Oyèwùmí," ó ní.

Ilẹ̀ kò lanu. Àjà kò wó. Ó tún mí, ohùn rẹ̀ sì là.

"Oyèwùmí Àjọkẹ́, ọmọ Agbájé. Ọmọ ọlọ́sàn tí í so kí òjò tó dé. Òun ni a jọ ń sun ilé yìí."

Iná ìdodo kúrò ní pupa, ó di aláwọ̀ ewé. "A mọ̀ wọ́n," ó ní. "Màmá Oyèwùmí, ta ni ẹni kejì yín?"

Gbogbo ojú yí sí àga. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti kọjú sí ògiri kejì. Èjìká rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí.

"Bí wọn kò bá dárúkọ yín," Adéṣígbìn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, "ẹ̀rọ á ní wọ́n ń dá gbé ni, ọkọ̀ yóò ṣì gbé wọn."

Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù ba Ìyá Mofẹ́. Kì í ṣe ìbínú ló ń bẹ̀rù. Ìyàwó ni ìyá yìí ń pè é láti ọjọ́ tó ti dé. Ìyàwó, bu omi wá. Ìyàwó, ẹja mi dà? Bóyá kò mọ orúkọ rẹ̀ rárá. Ta ni ìbá bi í? Ta ní ń béèrè orúkọ ìyàwó? Ìyá Mofẹ́ náà, bí ẹnìkan bá pè é ní orúkọ tirẹ̀ lójú títì, bóyá ni yóò wẹ̀yìn.

Erùpẹ̀ Òkété ti yọ sí ojú ọ̀nà, ó kọjú sí odò.

Àga dún. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dìde. Ó fọ àkàrà kúrò lọ́wọ́ nínú abọ́ omi, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, kò kánjú. Ó rìn wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọwọ́ gbọọrọ rẹ̀ lé ìdodo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Fẹ̀hìntọlá," ó ní. "Fẹ̀hìntọlá Àwẹ̀ró, ọmọ Adéníji ará Òkè-Àgọ́. Ọjọ́ tó wọlé, ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní, 'Àwẹ̀ró mi rèé, ẹ bá mi kẹ́ ẹ.' Kí ni ẹ̀rọ yìí rò, pé mo ti gbàgbé?"

Ìyá Mofẹ́ fi orí ti ògiri, ó sunkún, kò sì bò ó mọ́. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò sí ẹni tó tún pè é ní Àwẹ̀ró.

"A mọ̀ wọ́n," ni ìdodo wí. "Ènìyàn méjì ló ń gbé ilé yìí."

Lójú ọ̀nà, erùpẹ̀ náà dúró. Ó yí. Ó ń bọ̀! Adéṣígbìn fò sókè tòun ti ikùn rẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kùn, ọ̀pá ìyeyè mì, àlàǹgbá kan sá jáde lẹ́nu rẹ̀, pákò Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì tẹ̀lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni okùn yọ orí, ó tín-ín-rín bí irun, ó ń tàn.

"Gbogbo ariwo yẹn, èyí náà ni?" ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí.

Ọkọ̀ funfun pa ilẹ̀kùn dé. "Ẹ kú ilé o, màmá wa," ó wí, ó sì lọ. Ewúrẹ́ tún wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ni ewúrẹ́ ń sáré tẹ̀lé e pé dúró, dúró, ọkọ̀ ń dá a lóhùn pé ẹ ṣé.

Kò pẹ́ tí ohùn ọkùnrin kan fi ti inú ìdodo jáde. "Ẹ káàsán, Màmá Oyèwùmí. Èmi ni dókítà yín."

"Ta lo pè bẹ́ẹ̀ yẹn?" Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ na ọrùn. "Ṣé ìwọ lo bí mi ni? Màmá ni kí o pè mí, kí o dúró níbẹ̀!"

Dókítà tọrọ àforíjì. Adéṣígbìn kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó dágbére, ó gba ẹ̀yìn Òkété lọ. Ìyá Mofẹ́ tú báàgì náà fún ìgbà ìkẹyìn, ó gbé aṣọ òtútù padà sórí ìkọ́, ó wá ṣa pákò nílẹ̀. Kò mọ ohun tí yóò pe ọkọ rẹ̀ nísinsìnyí, nítorí náà, kò pè é ní nǹkan kan.

"Ìyàwó."

"Ọkọ mi."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò wò ó. Ó ń wo okùn náà. "Láàárọ̀ ọ̀la, kí o tó gbé ẹ̀kọ wá, dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn mi. Kí o pè mí, kí n fi jí."

"Kí n pe Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́?"

"Má fi mí ṣeré. O mọ èyí tí mò ń wí." Ó mú pákò kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó ki í bọ ẹnu. "Ẹ̀ẹ̀kan péré o."